Ọ̀sìn Sẹ́ẹ̀lì Edé àti Ìwádìí Fáírọ́ọ̀sì: Ìtàn Ìgbìyànjú Aláìparí, 1974 sí 2021

Ìfáàrà

Ọ̀nà tí bakitéríà ń gbà wà láàyè yàtọ̀ sí ti fáírọ́ọ̀sì. Bí bakitéríà bá rí omi ẹran tó dì nínú àwo, yóò jẹ, yóò sì pọ̀ sí i. Fáírọ́ọ̀sì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi bí ó bá wọ inú sẹ́ẹ̀lì alààyè, tí ó sì sọ ohun èlò inú sẹ́ẹ̀lì náà di tirẹ̀, ni ó tó lè bí irú ara rẹ̀. Nítorí náà, onímọ̀ tó bá fẹ́ mú fáírọ́ọ̀sì kan sọ́dọ̀, kí ó wọn agbára rẹ̀, kí ó sì fi í wé òmíràn, ní láti kọ́kọ́ wá sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì náà yóò máa gbé. Ọ̀sìn sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ tí iṣẹ́ yìí fún ètò náà. Wọn a gé ẹ̀yà ara ẹranko kan, wọn a tú u sí sẹ́ẹ̀lì, wọn a fi í sínú àwo pẹ̀lú omi oúnjẹ, kí ó lè máa pín sí méjì méjì níbẹ̀ bí ẹni pé kò tíì kúrò lára ẹranko tó ni ín.

Ti ènìyàn ti ṣe é ṣe. Ti ọ̀bọ, ti adìẹ, ti ẹja, ti àfòpiná àti ti ẹ̀fọn ti ṣe é ṣe pẹ̀lú. Ti edé ni kò gbà, bẹ́ẹ̀ owó tí ọ̀sìn edé ń mú wọlé ní etíkun Éṣíà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń kọ ọ́ bí àkọsílẹ̀ ọgbọ́n iṣẹ́: irú omi oúnjẹ tí wọ́n lò, bí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó, iye ọjọ́ tí sẹ́ẹ̀lì lò kí ó tó kú. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń wá yàtọ̀ sí èyí. Ó ń béèrè ohun tí àìrí sẹ́ẹ̀lì edé sìn ṣe sí ìmọ̀ nípa àrùn edé fúnra rẹ̀, nítorí pé àìrí náà hàn nínú orúkọ tí wọ́n sọ àwọn àrùn wọ̀nyí àti nínú ẹ̀bi tí wọ́n dá ẹni tí kò ní ẹ̀bi.

Ibi tí àpẹẹrẹ ti wá

Ní 1907, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, Ross Harrison gé iṣan ìmọ̀lára ọlẹ̀ àkèré, ó fi í sínú omi ara àkèré tó dì, ó sì rí i pé iṣan náà ń gùn sí i. Ìtàn tó tẹ̀lé èyí gùn, kò sì sí ìdí láti sọ ọ́ níhìn-ín ju àwọn ibi tó kan edé lọ.

Ní 1949, ní Boston, John Enders, Thomas Weller àti Frederick Robbins fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lè dàgbà nínú sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe ti iṣan ìmọ̀lára. Ṣáájú ìgbà náà, ara ọ̀bọ alààyè ni wọ́n ti máa ń dán fáírọ́ọ̀sì náà wò. Láàárín ọdún mẹ́fà, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti jáde. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1954, àṣeyọrí wọn sì fi àṣà kan lélẹ̀: láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì ti ń ka fáírọ́ọ̀sì tí kò bá tíì dàgbà nínú àwo sí ohun tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀ tán.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn fi gba ohun tí Alexis Carrel sọ gbọ́, pé sẹ́ẹ̀lì ọkàn adìẹ tí òun ti ń sìn láti 1912 kò ní kú láé. Ní 1961 ni Leonard Hayflick àti Paul Moorhead fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí ara rẹ̀ dá a máa pín ní nǹkan bí ìgbà àádọ́ta, lẹ́yìn náà a dáwọ́ dúró. Sẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní dáwọ́ dúró ní láti jẹ́ èyí tí ìjánu rẹ̀ ti já, bíi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n gé lára Henrietta Lacks ní 1951 láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Jẹjẹrẹ ṣọ̀wọ́n lára edé. Ó yẹ kí a fi kókó kékeré yìí sọ́kàn.

Ọdún 1962 ni ẹni tó ń tọpa ìtàn yìí gbọ́dọ̀ dúró lé. Ní ọdún náà, ní Canberra ní Ọsirélíà, Thomas Grace rí sẹ́ẹ̀lì ilé ẹyin àfòpiná kan sìn títí ó fi di ìran tí kì í tán. Ní ọdún kan náà, Ken Wolf àti M. C. Quimby ní Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ẹja. RTG-2 ni wọ́n pè é, ó sì tàn dé yàrá ìwádìí àrùn ẹja káàkiri ayé. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni K. R. P. Singh sin sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn ní Pune ní Íńdíà. Ìbátan kòkòrò ni edé, inú omi bíi ti ẹja ló sì ń gbé. Ẹni tó bá wo ìhà méjèèjì nígbà náà kò jẹ̀bi bí ó bá rò pé ti edé kù sí dẹ̀dẹ̀.

Edé di ọ̀sìn, àrùn bá a wọlé

Kò sí ẹni tó kánjú, nítorí pé edé kò tíì di ohun ọ̀sìn púpọ̀. Motosaku Fujinaga ti mú kí edé pamọ nínú àwo omi ní Jàpáàn ní àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n ó di 1968 kí I-Chiu Liao tó ṣe é fún Penaeus monodon, edé ńlá abìlà, ní Taiwan. Láti ibẹ̀ ni adágún ọ̀sìn ti ń tàn ká etíkun. Ìtọ́kasí fáírọ́ọ̀sì edé àkọ́kọ́ jáde ní 1974, nígbà tí John Couch ròyìn ohun tó rí nínú ẹ̀dọ̀ edé aláwọ̀ osùn ti etíkun Florida. Awò alágbára tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ni ó fi rí i. Nígbà tó fi di 1981, Donald Lightner àti Rita Redman ti ṣàpèjúwe òmíràn lára P. monodon, èyí tí wọ́n ń pè ní MBV.

Ojú ni wọ́n fi mọ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ní awò tó dára lè rí ọ̀pá kékeré tàbí ìkóòkòtó nínú sẹ́ẹ̀lì edé tó ti kú. Kò lè mọ̀ láti ibẹ̀ bóyá ohun náà ló pa edé, tàbí ó kàn ń gbé inú rẹ̀ ni. Ọ̀sìn edé ní Taiwan wó lulẹ̀ ní 1988, àwọn kan sì nawọ́ ẹ̀bi sí MBV. Ẹlòmíràn ní omi adágún ló bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ àrùn ẹja ni, wọn ìbá gbé omi ẹ̀yà ara tó ń ṣàìsàn lé orí RTG-2, ọjọ́ díẹ̀ ni ìdáhùn ìbá sì gbà.

Ẹ̀yà ara Oka

Ẹ̀yà ara kan wà lára edé ìdílé Penaeus. Ó kéré, ó jẹ́ méjì, ìtòsí ikùn ló wà, ẹ̀jẹ̀ ẹranko náà a sì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Orúkọ Oka, onímọ̀ ará Jàpáàn, ni wọ́n fi ń pè é. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá, fáírọ́ọ̀sì púpọ̀ ló ń kó jọ síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn olùwádìí gbájú mọ́ jù.

Wọ́n ti gbìyànjú lórí ìdílé edé àti alákàn ṣáájú. Àkọsílẹ̀ kan wà láti ilẹ̀ Faransé ní 1971. Ṣùgbọ́n Taiwan ni iṣẹ́ náà ti gbóná. Ní 1986, S. N. Chen, G. H. Kou àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ròyìn ọ̀sìn sẹ́ẹ̀lì láti ara P. monodon, ní 1989 sì ni Chen àti Kou ròyìn pé MBV wọ inú sẹ́ẹ̀lì Oka nínú àwo. Ìròyìn ńlá ni. Ó fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì kò kọ sẹ́ẹ̀lì edé tí wọ́n gbé kúrò lára edé. Ohun tó kù ni kí sẹ́ẹ̀lì náà máa pín.

Kò pín. Àkọsílẹ̀ àwọn yàrá ìwádìí láti ìgbà náà jọra wọn débi tí wọ́n fi ń sú òǹkàwé. Lọ́jọ́ kìíní, sẹ́ẹ̀lì a lẹ̀ mọ́ ìdí àwo. Lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, a tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní, inú olùwádìí a sì dùn. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀, iye wọn kò lé. Inú wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í ní ihò, wọn a ká kúrò ní ìdí àwo, wọn a kú. Olùwádìí a tún lọ pa edé mìíràn. Y. L. Hsu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 1995, wọ́n ròyìn ọ̀nà láti máa pín ọ̀sìn Oka láti àwo dé àwo, ṣùgbọ́n ìran náà kò di ohun tí yàrá ìwádìí mìíràn lè kọ̀wé béèrè, bí wọ́n ti ń béèrè RTG-2.

Omi oúnjẹ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni L-15, tí Albert Leibovitz gbé jáde ní 1963 fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti ẹran ọlọ́mú. Wọ́n lọ́po rẹ̀ ní méjì kí iyọ̀ rẹ̀ lè súnmọ́ ti ẹ̀jẹ̀ edé òkun. Wọ́n fi omi ẹ̀jẹ̀ ọlẹ̀ màlúù sí i, wọ́n fi omi ẹran ara edé sí i, àwọn mìíràn fi ẹ̀jẹ̀ edé gan-an sí i. Bí ènìyàn bá tò wọ́n jọ, ohun tí yóò rí ni oúnjẹ ẹran orí ilẹ̀ tí wọ́n ń bá edé tún ṣe, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gé agbádá bàbá láti fi dá aṣọ fún ọmọ jòjòló. Ohun tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì edé pé kí ó pín kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ó di 2005 kí Irene Söderhäll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Uppsala, ní Súwídìn, tó ròyìn ohun kan tí wọ́n pè ní astakine, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára ìbátan edé kan tó ń gbé inú omi dídùn. Ogún ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí omi oúnjẹ nígbà náà.

Ìdààmú mìíràn tún wà tí ó mú ìtìjú lọ́wọ́. Edé kì í gbé inú omi mímọ́. Bí wọ́n ti ń gé ẹ̀yà ara rẹ̀ ni àwọn ohun alààyè kékeré inú òkun ń bá a wọ àwo. Ọ̀kan nínú wọn ni thraustochytrid. Ó rí róbótó, ó ń pín dáradára, ojú tí kò bá fara balẹ̀ sì lè kà á sí sẹ́ẹ̀lì ẹran. Baruch Rinkevich, tó kọ àgbéyẹ̀wò lórí ọ̀sìn sẹ́ẹ̀lì àwọn ẹranko òkun aláìléegun ní 1999, kìlọ̀ nípa rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àwo bá ń pọ̀ sí i gan-an ni olùwádìí edé gbọ́dọ̀ fura.

Ní Hawaii, Yuanan Lu, Lourdes Tapay, Philip Loh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba ọ̀nà méjì. Wọ́n gbà pé sẹ́ẹ̀lì Oka yóò kú, wọ́n sì lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó fi wà láàyè: ní 1995 wọ́n fi í ṣe òṣùwọ̀n fáírọ́ọ̀sì àrùn orí-yíyọ́mọ́, tó bẹ́ sílẹ̀ ní Táílándì ní 1990. Nínú ọdún kan náà wọ́n ròyìn pé wọ́n fi jíìnì kan láti ara fáírọ́ọ̀sì ọ̀bọ, SV40, sínú sẹ́ẹ̀lì Oka, kí ó lè já ìjánu rẹ̀. Ọ̀nà kìíní wúlò. Èkejì kò bí ìran tó tàn ká. Lónìí, orúkọ ẹ̀yà tí fáírọ́ọ̀sì orí-yíyọ́mọ́ wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni Okavirus.

Orúkọ márùn-ún fún àrùn kan

Lu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe fáírọ́ọ̀sì orí-yíyọ́mọ́ ní baculovirus nínú àkọlé wọn ní 1995. Ọdún kan náà ni wọ́n fi hàn ní Táílándì pé RNA ló ní, kì í sì í ṣe baculovirus rárá. Ṣùgbọ́n èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àrùn ààmì-funfun.

Àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Éṣíà ní 1992. Ní 1993 iye edé tí Ṣáínà ń kó ní adágún wálẹ̀ kọjá ìdajì. Yàrá ìwádìí kọ̀ọ̀kan sọ fáírọ́ọ̀sì náà ní orúkọ tirẹ̀. Ní Ṣáínà ó jẹ́ HHNBV. Ní Jàpáàn wọ́n pè é ní RV-PJ, wọ́n tún yí i padà sí PRDV. Ní Táílándì ó jẹ́ SEMBV, ní Taiwan WSBV. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ọ̀kan náà ni, kí orúkọ WSSV tó borí. Ọ̀nà láti fi fáírọ́ọ̀sì méjì wéra, nígbà tí àbùdá wọn kò tíì ṣe é kà ní kíákíá, ni kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì lé orí ìran sẹ́ẹ̀lì kan náà. Edé tí ó ti kú sínú yìnyín ni wọ́n ní láti máa fi ránṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ẹnikẹ́ni kì í sì í fẹ́ kí edé tó ní àrùn wọ ilẹ̀ rẹ̀.

Ẹjọ́ odò Taura

Níbi tí àìní yìí ti dun ni jù ni Ẹ́kúádọ̀. Ní 1992, edé Penaeus vannamei bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àwọn oko tó wà ní agbègbè odò Taura, nítòsí Guayaquil. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ ní agbègbè náà, wọ́n sì ń fi bàálù fín oògùn sí wọn nítorí àrùn ewé tí wọ́n ń pè ní Sigatoka Dúdú. Omi òjò ń gbé oògùn náà wọ odò. Ó rọrùn láti so nǹkan méjèèjì pọ̀. Àwọn olóko edé ní májèlé ló ń pa edé àwọn; ọ̀rọ̀ náà di ti ilé-ẹjọ́.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rọrùn láti bi: májèlé ni, tàbí ohun tó ń ran? Ìlànà tí Robert Koch fi lélẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni pé kí wọ́n yọ kòkòrò àrùn náà, kí wọ́n sìn ín ní òun nìkan, kí wọ́n fi í sára ẹranko tí ara rẹ̀ dá, kí àrùn náà tún yọ. Thomas Rivers ti tú apá kan ìlànà náà sílẹ̀ fún fáírọ́ọ̀sì ní 1937, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì kò lè dá nìkan dàgbà. Inú àyè tí Rivers yọ̀ǹda yìí ni àwọn olùwádìí edé ti rí ọ̀nà. Kenneth Hasson, Lightner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Arizona lọ ẹran edé aláìsàn, wọ́n sẹ́ ẹ mọ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń yí bírí ya fáírọ́ọ̀sì sọ́tọ̀, wọ́n sì gún un sára edé tí kò ní àrùn kankan. Edé náà ṣàìsàn Taura láìsí oògùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan nítòsí. Àbájáde wọn jáde ní 1995. Ọdún mẹ́ta ni àríyànjiyàn náà ti gbà nígbà náà, láàárín ọdún mẹ́ta náà sì ni fáírọ́ọ̀sì ti bá edé ọ̀sìn kọjá sí orílẹ̀-èdè mìíràn, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè nítorí májèlé.

Àìrí sẹ́ẹ̀lì edé tún bí ìjayà kejì lórí fáírọ́ọ̀sì Taura yìí kan náà. Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan ní Mẹ́síkò ròyìn pé omi ara edé tó ní fáírọ́ọ̀sì náà ran sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti ọ̀bọ nínú àwo. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, edé orí tábìlì kò ní ṣe é fọkàn tán mọ́. Carlos Pantoja, Lightner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún ìdánwò náà ṣe, ní 2004 wọ́n sì kéde pé sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn kò gba fáírọ́ọ̀sì Taura. Ó yẹ kí a ṣàánú àwọn tí wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti ọ̀bọ ni ó wà nílẹ̀. Ti edé, tí ì bá jẹ́ òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi wé e, kò sí.

Edé alààyè gẹ́gẹ́ bí àwo

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Tucson ní Arizona, láàárín aṣálẹ̀ tó jìnnà sí òkun, ni Lightner kó yàrá ìwádìí àrùn edé rẹ̀ sí, ibẹ̀ sì di ibi tí gbogbo ayé ń fi edé aláìsàn ránṣẹ́ sí. Ohun èlò rẹ̀ pàtàkì ni edé tí wọ́n ti tọ́ láti ìran dé ìran láìní àwọn àrùn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Hawaii láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Edé yìí ló rọ́pò ọ̀sìn sẹ́ẹ̀lì. Àwo alààyè ni, ó ń jẹun, ó ń bọ́ awọ. Iye owó rẹ̀ ga, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́, nítorí pé kò sí edé méjì tó bára dọ́gba.

Ohun kejì ni PCR, ọ̀nà láti sọ ìwọ̀nba àbùdá di púpọ̀ kí ó lè hàn. Chu-Fang Lo, Kou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ti WSSV jáde ní Taiwan ní 1996. Láti ìgbà náà ni olóko ti lè mọ̀ kí ó tó da ọmọ edé sí adágún bóyá fáírọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀. Ní 2001, ikọ̀ kan ní Ṣáínà àti òmíràn ní Nẹ́dálándì ka gbogbo àbùdá WSSV tán, lẹ́tà tó tó nǹkan bí 300,000. Ara ẹranko alààyè tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó àrùn ràn ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kà ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì tí kò tíì ní ìran sẹ́ẹ̀lì kankan tó ń gbé di èyí tí wọ́n mọ àbùdá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí jíìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni ó kù, PCR kò sì lè sọ èyí. Kò sì lè sọ bóyá fáírọ́ọ̀sì tí ó rí ṣì wà láàyè. Òkú fáírọ́ọ̀sì inú edé tó ti dì nínú yìnyín ní àbùdá bíi ti alààyè.

Nítorí ìdí yìí ni iṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì kò fi dúró. Ní Uppsala, ní 2006, Pikul Jiravanichpaisal àti àwọn Söderhäll mú kí WSSV pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀ láti ara ìbátan edé omi dídùn tí a ti mẹ́nu bà. Ní Táílándì wọ́n gbé fáírọ́ọ̀sì edé sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn. Nígbà tí P. Jayesh, Jose Seena àti I. S. Bright Singh, ní Kochi ní Íńdíà, kọ àgbéyẹ̀wò wọn lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2012, wọ́n ṣì ní láti kọ ọ́ bí ohun tí wọ́n ń retí.

Ní 2021, láti Kochi kan náà, ìròyìn PmLyO-Sf9 jáde. Àwọn olùwádìí náà dá àbá sẹ́ẹ̀lì edé tí yóò dá nìkan pín tì. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì Oka ti P. monodon, wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì Sf9 tí ìjánu tirẹ̀ ti já tipẹ́, títí àwọn méjèèjì fi di ọ̀kan. Ó ń pín. Ìyá tó bí i níhà kan ni edé Oka. Níhà kejì ni Spodoptera frugiperda, àfòpiná tí wọ́n ti ń sin sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1977, tí ó sì jẹ́ kòkòrò kan náà tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà, Benin àti Tógò bá nínú oko àgbàdo wọn ní 2016.